Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Kúrò Lójú Kan

Bí wọ́n bá dárúkọ Jethro Bámigbóyè ní Kábà, ìgbéyàwó Isaiah, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ. Àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà pàápàá á sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀. Naomi, ìyàwó Jethro, ló wà níbẹ̀ ní tòótọ́, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni. Jethro ti fọ́nnu káàkiri pé mọ́tò òun ni yóò gbé Theresa, ìyàwó Isaiah, dé ṣọ́ọ̀ṣì. Theresa ti wọ aṣọ funfun, ó ti jókòó sẹ́yìn mọ́tò bí ayaba. Jethro tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Mọ́tò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Naomi mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní ọ̀sán gangan, Jethro ti tan gbogbo iná mọ́tò náà kí àwọn àna Isaiah lè wò ó, títí bátìrì fi kú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká tì í," ni Isaiah wí.

Jethro yọ orí síta bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. "Kí ẹ ti kí ni? Ṣé màlúù ni? Mọ́tò tó bá ń jẹun nílé ara rẹ̀, ẹnìkan kì í tì í. Ẹ bọ́ sórí kẹ̀kẹ́!"

Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún wà lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Jethro ti fi bẹ́líìtì so ó mọ́ dánámò kan, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná, tó tú lára lọ́rì tó dojú dé, ó sì fa wáyà láti ibẹ̀ lọ bá bátìrì mọ́tò. Ẹni tó bá wà á kò ní í dé ibì kankan, ṣùgbọ́n iná á máa wọ inú bátìrì díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ ọkọ wà á. Àwọn akọrin wà á. Simon, olùkọ́ ìjọ, wá wo ohun tó dá wọn dúró, wọ́n gbé òun náà gùn ún tòun ti aṣọ ìsìn funfun. Nígbẹ̀yìn, Isaiah fúnra rẹ̀ bọ́ kóòtù. "Dojú kọ ògiri," ni Jethro wí fún un, "má wẹ̀yìn, má sì sọ̀kalẹ̀ títí n ó fi ní ó tó!" Lójijì mọ́tò jí, ó ń ké rara. Ayọ̀ gba Jethro lọ́kàn, ó já wáyà, ó gbéra. Ó gbé ìyàwó dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tẹ dùùrù, gbogbo ìjọ dìde. Ọkọ ìyàwó nìkan ni wọn kò rí. Ó ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́, ó dojú kọ ògiri, torí Jethro kò tíì ní ó tó.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe ni Jethro ń ṣe. Ó ti bá wọn lọ sógun ní Bọ́mà, ibẹ̀ ló ti mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó ra mọ́tò àlòkù yìí lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé, bátìrì rẹ̀ kì í lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó kú, kò sì sí iná mànàmáná ní Kábà nígbà náà. Lọ́rì ni wọ́n fi ń gbé e lọ sí Lọ́kọ́ja kí wọ́n tó rí i ṣáàjì.

"Bátìrì yìí ti mọ Lọ́kọ́ja jù mí lọ," ni Jethro wí lọ́jọ́ kan. "Ilé ni yóò ti máa jẹun wàyí."

"Ó mọ̀ ọ́n ju èmi náà lọ, Bàbá Lois," ni Naomi dá a lóhùn. "Ẹ fi òun sílé, kí ẹ gbé èmi lọ."

Odò ló kọ́kọ́ dán wò. Ó fi pákó kan ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan tó ga ju ènìyàn lọ, ó gbé e sínú odò ẹ̀yìn ilé kí omi lè máa yí i, kí òun náà lè máa yí dánámò tó wà létí odò. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣiṣẹ́. Àràárọ̀ ni Jethro ń lọ kí omi kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin òjò ńlá rọ̀, odò kún, ó tú ẹsẹ̀ náà ká, ó gbé pákó rẹ̀ lọ. Jethro tọ odò lọ títí ó fi dé abà kan. Ó bá pákó rẹ̀ níbẹ̀, ìyá arúgbó kan ń sá èlùbọ́ lórí rẹ̀.

"Ìyá, okun o," ni Jethro kí i. "Ohun tí mo fi ń ṣe iná nìyẹn."

"Okun o, ọmọ mi. Àtẹ ni Ọlọ́run fi ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe iná. Tí èlùbọ́ mi bá gbẹ, kí o máa gbé e lọ."

Ọjọ́ méjì ni èlùbọ́ fi gbẹ. Jethro ló ń bá a lé ewúrẹ́. Nígbà tó padà wọlé, Naomi rí pákó lórí rẹ̀, ó tún rí igbá èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Arúgbó náà ní òun kò tíì rí ẹni tó mọ ewúrẹ́ lé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni kẹ̀kẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọlọ Naomi sì bọ́ síta. Àwọn ènìyàn ń ti Mópà àti Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀ wá wò ó. Kí àlejò tó rí omi mu, á kọ́kọ́ wa kẹ̀kẹ́. Nígbà tó yá, àwọn ìbátan Naomi kì í wá kí i mọ́ àfi tí wọ́n bá ti sùn dáadáa lánàá.

Lọ́dún tó tẹ̀lé ìgbéyàwó yẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Isaiah sáré wọlé, kò wọ bàtà. Theresa ti ń rọbí láti ìdájí, ọmọ kò wá, agbẹ̀bí sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kò sí lọ́rì. Naomi wo ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé iná tí Jethro tàn han àwọn àlejò kan láàárọ̀ ti jẹ bátìrì tán.

Jethro wo kẹ̀kẹ́. "Wákàtí méjì péré," ó ní.

"Bàbá Lois," Naomi rọra wí, "Theresa kò ní wákàtí méjì."

Jethro ṣí fìlà, ó nà án sí Naomi. "Wọlé, di irin róbótó yẹn mú. Tẹ èyí mọ́lẹ̀. Tí mo bá ní 'Tú u!', kí o gbé ẹsẹ̀ kúrò." Naomi kò fọwọ́ kan mọ́tò rí. Jethro bọ́ sẹ́yìn, Isaiah bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi èjìká tì í, iṣan ọrùn ọkùnrin àgbà náà le bí okùn. "Tú u!" Mọ́tò fò sókè, ó ké, ó sì gbé Naomi sá lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òun náà ń ké ju mọ́tò lọ. Jethro sá tẹ̀ lé e, ó fò wọlé, ó gba ìjókòó. Wọ́n gbé Theresa, wọ́n sì dé Ẹ̀gbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọkùnrin ló bí, wọ́n sọ ọ́ ní Ọlọ́runlékè.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Isaiah ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ti mọ́tò lónìí o."

"Èmi? N kò tì í," ni Jethro wí. "Mo kàn fi èjìká bá a sọ̀rọ̀ ni."

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 1958 ni ikọ́ dá Jethro dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, Simon, olùkọ́ ìjọ tó wa kẹ̀kẹ́ tòun ti aṣọ ìsìn, gòkè láti sọ̀rọ̀ nípa olóògbé. Ó ní, "Jethro, arákùnrin wa..." Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn ènìyàn rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tí ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, tí gbogbo ìjọ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó tó oṣù kan, Isaiah wá bá Naomi to àwọn irinṣẹ́ olóògbé. Nísàlẹ̀ àpótí, wọ́n rí bébà kan tí Jethro fi pẹ́ńsù ya nǹkan sí. Naomi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó dá ilé ìdáná rẹ̀ mọ̀: ààrò mẹ́ta, ọlọ, àpótí ìjókòó rẹ̀ kékeré. Lókè orí àpótí ìjókòó náà, Jethro so gílóòbù iná kan rọ̀, ó tóbi ju ààrò lọ.

"Ó kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀," ni Isaiah wí. "'Iná Naomi. Kò ní í pẹ́.'"

Naomi jókòó.

"Tún un kà."

"'Iná Naomi. Kò ní í pẹ́.'"

"Irọ́ ni," Naomi wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìró nu ojú. "Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn dáwọ́ lé ló pẹ́." Ó gba bébà náà, ó wò ó títí, ó sì dá a padà fún Isaiah. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, tún un kà."