Ilé Wa Tó Wà Lórí Gíláàsì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, iṣẹ́ ọ̀dà ni bàbá mi ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kì í ṣe ọ̀dà ara ògiri o. Ọ̀rọ̀ ló máa ń kọ: orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára pátákó, àdúrà síwájú mọ́tò akẹ́rù. Bí ẹ bá gba Apọ́ngbọ̀n kọjá láyé ìgbà yẹn, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń ní ìrù kan tó fẹ́ lọ sápá ọ̀tún, bí aṣọ tí atẹ́gùn ń gbé. Kò sẹ́lòmíì tó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé pàápàá á nàka sí i, á ní, "Bàbá yìí ló kọ ọ́."

Inú ilé ẹbí là ń gbé, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn bíríkìlà Àgùdà kọ́ fún bàbá tó bí bàbá bàbá mi. Inú rẹ̀ la sin àwọn àgbà wa sí. Ibẹ̀ ni ìwọ́ tèmi náà wà. Àfi bí ìròyìn ṣe dé lọ́jọ́ kan pé ìjọba fẹ́ wó àdúgbò wa. Wọ́n ní èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ní ó dọ̀tí, pé àwọn máa tún un kọ́ bí ìlú òyìnbó. Àwọn ọkùnrin kan gbé okùn wá, wọ́n wọn ilé wa níbùú àti lóròó, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu àwọn àgbà mọ́. Wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ lọ́yà bọ̀ sí ọ̀dọ̀ olóyè, wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń ṣe sàráà. Ẹ̀yin ọmọ mi, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Àárín ìdààmú yìí ni ilé iṣẹ́ kan tó ń ya fíìmù ní Marina ránṣẹ́ sí bàbá mi. Òyìnbó tó wà níbẹ̀ ti rí lẹ́tà rẹ̀ lára mọ́tò. Ó ní àwọn ń ṣe fíìmù kan nípa Ìsàlẹ̀ Èkó, pé àwọn èèyàn ńlá tó ń pàṣẹ nílùú máa wò ó. Ó ní òun fẹ́ kí orúkọ fíìmù náà máa kọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rí ọwọ́ tó ń kọ ọ́. Ó sì ní kí bàbá mi fúnra rẹ̀ wá àwòrán tó máa wà lẹ́yìn orúkọ náà.

Ilé wa ni bàbá mi yà. Ó yà á sórí gíláàsì fífẹ̀ kan, pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí ìyá àgbà máa ń sá ata sí. Ó wá kọ ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ gàdàgbà sí àyà ilé náà. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé bí àwọn tó ń pàṣẹ bá rí ilé yìí tó dìde láti inú ilẹ̀, tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀, ojú á tì wọ́n láti wó o. Ẹ má fi bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí omi bá ń gbé lọ, koríko kò kéré lójú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Òróró ẹ̀pà ló fi po ọ̀dà náà kó má baà tètè gbẹ. Wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́ sókè, wọ́n dojú rẹ̀ kọ gíláàsì. Kámẹ́rà á yà á lẹ́ẹ̀kan, bàbá mi á fi àkísà nu bíńtín kúrò. Kámẹ́rà á tún yà á, á tún nu díẹ̀ sí i. Orúkọ ló kọ́kọ́ nù, láti ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló nu ilé láti òrùlé wá sílẹ̀, títí ó fi ku ilẹ̀ lásán lórí gíláàsì. Òyìnbó ní nígbà tí àwọn bá parí fíìmù náà nílùú òyìnbó, ẹ̀yìn làwọn máa ti bẹ̀rẹ̀ síí fi í hàn. Nígbà náà, ilẹ̀ lásán ló máa kọ́kọ́ hàn, ilé á dìde, orúkọ á wá kọ ara rẹ̀ sí i láyà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni bàbá mi ń mú mi lọ síbẹ̀, mo sì máa ń di èémí mi bí kámẹ́rà bá fẹ́ dún.

Ó kọ́kọ́ dán an wò nílé, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ká a mọ́. Ìyá àgbà pariwo, ó ní, "Àsìtàgàfúrúlàáì! Ilé bàbá ẹ lò ń nù kúrò yẹn?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá mi. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀."

"Òyìnbó wo ló ń ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ nǹkan?"

Ó ṣàlàyé fún un títí tó fi gbà. Ó wá bẹ èmi àti ìyá àgbà pé ká má sọ fún ẹnì kankan nínú ẹbí. Ẹ mọ̀ wá, ohun tí ọwọ́ kò bá tíì tẹ̀, a kì í gbé e síta, kí ayé má baà bà á jẹ́. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́, ìyá àgbà náà sì gbé tirẹ̀ dákẹ́.

Ó pẹ́ kí fíìmù náà tó ti òkè òkun dé. Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n fẹ́ fi í hàn nínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n ní kí ará àdúgbò wa wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá mi wọ agbádá ọdún. Ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn nínú agboolé, ó ń bẹ gbogbo ẹbí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá o. Ohun ayọ̀ ni." Gbogbo wọn wá, títí kan olórí ẹbí tí ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n pa iná, àwòrán sì hàn lára aṣọ funfun. Ilé wa ni. Odindi ilé, pẹ̀lú orúkọ láyà rẹ̀. Àwọn èèyàn wa hó yèè, ṣùgbọ́n mo dìde dúró, nítorí mo mọ̀ pé ilẹ̀ lásán ló yẹ kí n kọ́kọ́ rí. Ni ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn bá bẹ̀rẹ̀ síí kúrú. Mo kígbe, mo ní, "Bàbá, wọ́n ń fi í hàn sódì!" Orúkọ lọ. Òrùlé lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè lọ, ẹnu ọ̀nà lọ, ó wá ku ilẹ̀. Orí ilẹ̀ yẹn ni àwọn ilé tuntun ti yọ jáde, tí ẹnìkan ń fi èdè òyìnbó yìn wọ́n. Àwọn kan lẹ́yìn tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Bàbá mi ti sáré dé ìdí ẹ̀rọ. Ó ń pariwo pé, "Ẹ yí i padà! Ẹ dákun, ẹ yí i padà!" Wọ́n fà á síta. Òyìnbó wá bá a níta, ó ní àwọn ọ̀gá òun ló sọ pé ó bá fíìmù náà mu jù bẹ́ẹ̀. Ó tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ náà dára.

Nígbà tí a délé, ẹbí pè é jókòó, ṣùgbọ́n kò jókòó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Olórí ẹbí bi í pé, "Lẹ́tà ta nìyẹn?" Ó ní tòun ni. "A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìwọ wá fọwọ́ ọ̀tún nù ún dànù." Bàbá mi ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi í: bó bá jẹ́ ohun rere ni, kí ló dé tí kò sọ fún wọn? Ìyá àgbà jẹ́rìí sí i, wọ́n ní ìyá kì í pe ọmọ rẹ̀ lólè. Èmi náà sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ọmọdé lọ sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wó ilé, bàbá mi bu ọ̀dà, ó kọ ọ́ sára ògiri iwájú pé, "Ẹ JỌ̀Ọ́, ÈÈYÀN Ń GBÉ IBÍ." Ìrù lẹ́tà náà wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà kà á, ó mi orí, ó sì gun òkè lọ. Òrùlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò wo àwọn tó ń wó ilé, bàbá mi ni wọ́n ń wò.

Sùúrùlérè la kó lọ. Bàbá mi kò mú búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan, bí àwọn ẹbí bá sì ń ṣe ìsọmọlórúkọ, ẹnu èrò ọ̀nà la ti ń gbọ́. Nígbà tó kú, àwọn tó wá síbi ìsìnkú rẹ̀ kò kún bẹ́ǹṣì kan.

Ayé ti yí padà o. Lónìí, mo máa ń wo tẹlifíṣọ̀n, orúkọ àwọn eléré á máa fò, á máa jó, á máa tú ká bí iyanrìn, àwọn ọmọ á ní ẹ̀rọ ló ń ṣe é, pé kò sẹ́ni tó ń fi àkísà nu ohunkóhun mọ́. Ẹ̀yin ìwòyí sì rèé, ohun tí ẹ kò tíì ṣe, gbogbo ayé ti rí i nínú fóònù yín. Mo máa ń bá yín wí tẹ́lẹ̀ pé ẹ dín ẹnu kù. Mi ò wí i mọ́, nítorí mo ti rí ibi tí dídákẹ́ gbé bàbá mi dé. Àwọn ọmọ ilé wa tó ṣẹ́kù ti darúgbó bíi tèmi, síbẹ̀ ẹni tó nu ilé ni wọ́n ṣì ń pè é. Èmi nìkan ló kù láyé tó mọ̀ pé kíkọ́ ló ń kọ́ ọ.