Wíwọn Ohùn Bàbá Mi

Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe ní Bouaké nígbà náà. Kí n tó ya ẹnikẹ́ni, mo máa ń ní kó dárúkọ ara rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, ìlà kan á máa fò sókè lójú kámẹ́rà, èmi á sì máa yí bọ́tìnì títí ìlà náà á fi dúró níbi tó yẹ. Tó bá kọjá ibẹ̀, ohùn á fọ́. Tí kò bá dé ibẹ̀, ariwo àdúgbò ni ẹ ó máa gbọ́. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń yọ mí lẹ́nu jù. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ìlú wọn pẹ́nrẹ́n, ìlà á fò kọjá, á pọ́n.

Nígbà tó yá, ọjà kú, ọ̀rọ̀ ivoirité, pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ló ni ìlú, sì dé. Lọ́nà Béoumi, àwọn ọlọ́pàá sọ bàbá mi kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ní orúkọ inú káàdì ìdánimọ̀ wọn yẹn kì í ṣe ti ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì fà á ya. Bàbá mi délé, wọ́n to ègé káàdì náà jọ sórí àga. Inú ò tilẹ̀ bí mi. Mo kàn ń wò wọ́n.

Bàbá mi fẹ́ kó àwọn àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn méjèèjì ò tíì fojú kanra láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ sí Gánà, kí wọ́n tó ti ibẹ̀ wá sí Bouaké. Wọ́n ní kí n ya àwọn, káwọn fẹnu ara àwọn bẹ̀ ẹ́.

Mo gbé àga fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nílé wa ní àdúgbò Belleville, mo ní kí wọ́n dárúkọ àti ìlú. Ẹnu wọn mì, ìlà ò mì.

“Ṣé ó di dandan?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní ohùn ni mo fẹ́ fi wọ̀n. Wọ́n kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà ná, kí wọ́n tó tún un sọ. Mo yí bọ́tìnì dé òpin. Àwọn náà ló máa ń sọ fún mi ní kékeré pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó sọ sí mi lọ́kàn, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Mo tẹ kámẹ́rà.

Oníṣòwò kan ló mú fídíò náà lọ, òun náà ló mú èsì bọ̀. Yàrá ti wà nílẹ̀, káwọn ọmọ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ àti odó ilé kejì ni àbúrò bàbá mi ń gbọ́ ketekete nínú fídíò náà. Ó ní, “Ojú ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ta ló ni ohùn?”

Mo jíṣẹ́ náà fún bàbá mi bí mo ṣe gbọ́ ọ.

“Tèmi ni,” ni wọ́n wí. Ẹnu wọn ni mo wò kí n tó mọ ohun tí wọ́n sọ.