Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Sín Àgbà Jẹ

Èmi tí ẹ̀ ń wò yìí, èjìká kan ni mo fi ti tírélà tó rì sẹ́rẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ jáde, mo sì ń fi ọwọ́ kejì jẹ iṣu sísun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí tíṣà ránṣẹ́ pè mí nítorí ọmọ-ọmọ mi obìnrin, mo sáré lọ láìwọ bàtà.

Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ń kàwé ju èmi tí mo dúró ní pírámárì kẹrin lọ. Àmọ́ bí fèrè ọkọ̀ bá dún, á di etí. Bí a bá ní kó bó ẹ̀gẹ́, á mú ọ̀bẹ dání, kò ní mọ ibi tí ọwọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà rẹ̀ ní Odígbó ní jẹ́lé-ó-sinmi ni wọn yóò dá a padà sí, àfi bí ẹni tó mọ̀ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn.

Ọ̀kadà gbé wa dé Ọ̀rẹ̀. Àǹtí tó ń yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò dúró lẹ́sẹ̀ kan, ó fọwọ́ kan imú.

"Ó yá, ṣe bí mo ṣe ń ṣe."

Ọmọ kúnlẹ̀. Àǹtí na apá. Ọmọ tún kúnlẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò ṣe é?" ni àǹtí bi í.

"Ìyá àgbà ní ọmọ tó bá ń sín àgbà jẹ, ẹnu ẹ̀ á wọ́."

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á láàyè."

Mo ní, "Sín wa jẹ, ọmọ mi. Orí mi ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

N kò tíì pa ẹnu dé tó ti tẹ ẹ̀yìn, tó ń wọ́ ẹsẹ̀, tó ń sín bí ẹni fín aáṣáà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é lẹ́yìn mi.

"Ohun tó ti mọ̀, ó ń ṣe é dáadáa," ni àǹtí wí. "Ẹ jẹ́ ká wo tuntun."

Ó gbé táyà ọkọ̀ kan nàró, ó ní kó gba inú rẹ̀ kọjá. Ọmọ ti orí àti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ pọ̀, ó há. Àǹtí fà á jáde, ó ní kó máa sọ ọ́ lẹ́nu kó tó ṣe é.

"Ẹsẹ̀ yìí. Orí. Ọwọ́. Ẹsẹ̀ tó kù."

Ó bọ́ sí òdì kejì. Ó tún padà. Kò fẹ́ ṣíwọ́ mọ́. Èmi náà wá gba inú táyà yẹn kọjá, wẹ́rẹ́, bí òkété.

Àǹtí ní ìṣòro wà: ohun tuntun, kí a máa gé e sí wẹ́wẹ́ fún un, kí a sì jẹ́ kí ariwo dínkù. Ọgbọ́n kò wọ́n ọn rárá. Tíṣà gbọ́, ó gbà. Ọmọ mi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ pírámárì kejì.

Òótọ́ ni gbogbo ti ọmọ yìí. Èyí tí mo fi kún un ni pé mo gba inú táyà kọjá. Irọ́ ni. Ìdí mi há, òun ló dúró lé mi lórí: "Bàbá àgbà, ẹ má jà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ kọ́kọ́ máa fà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jáde.