Jésù Tó Wà Lábẹ́ Ìbáwí

Aṣọ ni Eluvia Tzunún ń rán jẹun nílùú Totonicapán, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ eré ìjọ wa ló ń jẹ ẹ́ lógún. Irùngbọ̀n tó fi irun ewúrẹ́ ṣe fún Mósè gùn débi pé Mósè máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, áńgẹ́lì ti òkúta ibojì títí, òkúta ò yí. Àwọn alàgbà wá kìlọ̀ fún Eluvia: bí eré Àjíǹde bá tún dàrú, ọmọ àbúrò pásítọ̀, ẹni tó ra ẹ̀rọ tó ń tú èéfín, ni yóò gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àfi bí wọ́n ṣe rí Wílmer, Jésù wa, níbi àjọ̀dún ìlú, tó ń jó sí ìlù onígi tí wọ́n ń pè ní màrímbà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni ijó nínú ìjọ wa. Arábìnrin tó rí i ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò kanlẹ̀ rárá. Ní ti arábìnrin náà fúnra rẹ̀, tàmálè, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé, ló ní òun lọ rà níbẹ̀. Ni Pásítọ̀ Obdulio bá fi Wílmer sábẹ́ ìbáwí: kò gbọdọ̀ gun pẹpẹ fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́nu ọ̀nà, ni kó máa jókòó pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́bi yòókù.

Eluvia sáré lọ bá pásítọ̀.

“Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í di ọjọ́ Ajé péré.”

“Arábìnrin, mi ò kì í yá èèyàn ní ìdáríjì. Ẹ wá Jésù mìíràn.”

“Rigoberto nìkan ló tún mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí.”

“Kí Rigoberto ṣe é nígbà náà.”

“Sàtánì wa mà ni, Pásítọ̀! Àwọn ọmọdé ń sá fún un lọ́jà.”

Pásítọ̀ họrí. “Ìyẹn ò ní dáa.”

“Ṣé Wílmer lè sọ̀rọ̀ níbi tó jókòó sí?”

“Ta ló dí i lẹ́nu?”

“Ẹ ṣé, sà.”

Lọ́jọ́ Àjíǹde, ẹnu ọ̀nà la bá ibojì. Gbogbo ìjọ yí àga padà, a kẹ́yìn sí pẹpẹ. Pásítọ̀ àtàwọn alàgbà wà lókè lọ́hùn-ún, wọ́n ń wo ìpàkọ́ wa bí ẹni ń wo oko àgbàdo. Wílmer jíǹde láàárín àwọn ẹlẹ́bi. Àwọn yẹn ni Eluvia fi ṣe ọmọ ẹ̀yìn, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ kankan nínú ìjọ. Wọ́n sunkún débi pé ilẹ̀ ń yọ̀. Ìyá àgbà kan figbe ta, gbogbo ajá àdúgbò dá a lóhùn.

“Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?” Pásítọ̀ ń na ọrùn. Nígbà tí ọrùn ò nà mọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, àwọn alàgbà tẹ̀ lé e. Kò sáyè mọ́ àfi lórí ìjókòó àwọn ẹlẹ́bi. Ibẹ̀ ni wọ́n fún ara wọn mọ́ títí eré fi parí.

Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ pe Eluvia.

“Ẹ̀yin náà lẹ ṣì ni ẹgbẹ́ yín. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣe é fún mi, kí n lè gbé àga mi síbẹ̀.”

“Mo ti gbọ́, sà.”

Ní ti ìbáwí Wílmer, wọn ò yọ ọjọ́ kan kúrò níbẹ̀.