Táyà Tó Ní Ọ̀dà Pupa

Bí mo bá ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn alátáyà kọjá, tí mo gbóòórùn rọ́bà, yàrá ìgbọ́kọ̀sí ilé wa ní àdúgbò Tunga Low Cost ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. A ò ní mọ́tò. Táyà ọ̀kadà àlòkù, tòun ti rímù wọn, ni bàbá mi ń fi ìṣó kọ́ sára ògiri ibẹ̀ fún títà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tó wọ híjáàbù dúdú wọlé. Ó ń fọwọ́ kan àwọn táyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ọ̀kan tí wọ́n kun síípókù rẹ̀ mẹ́ta ní ọ̀dà pupa.

"Èmi ni mo kùn ún fún ọkọ mi," ó ní. "Alhaji, ta ló tà á fún yín?"

Bàbá mi búra, "Wallahi, mi ò mọ ẹni náà rí."

Ó gbé e kalẹ̀, ó fi àkísà nù ún, ó fún obìnrin náà, kò sì gba kọ́bọ̀. Mo rò pé obìnrin náà mọ ọjà ná ni.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ gun ọ̀kadà tí táyà náà wà lára rẹ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì padà wálé mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, obìnrin náà ò wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Ó ń yí táyà náà lọ lójú títì. Nígbà tó dé etí gọ́tà, ó gbé e mọ́ àyà, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́ títí ó fi yà ní kọ́nà.