Ìrẹsì Ẹlẹ́sẹ̀-Pupa

Ọjọ́ tí Dókítà, ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn, fẹ́ fi èsì ìrẹsì wa ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ ni mo rí àṣìṣe mi. Ẹrù mi ti wà ní dídì. Ó ti ṣèlérí pé bí iṣẹ́ náà bá ti parí, òun yóò fọwọ́ sí ìwé kí n lọ sí Ṣókótó, níbi tí ìyàwó mi ti ń ṣe tíṣà. Fúnmi, ọmọ wa, ń rákò nígbà tí mo fi wọ́n sílẹ̀.

Lọ́kọ́ja, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣì wà lábẹ́ Kwara nígbà náà. Yàrá kan ni mo gbà ní àdúgbò Gadumo. Ènìyàn dáadáa ni àwọn ará ilé mi, Ẹbira àti Nupe, ṣùgbọ́n Haúsá tí kò já gaara la fi ń kí ara wa. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó gbọ́ “Òkun o”, ìkíni Yorùbá ilé wa, lẹ́nu ènìyàn. Ìrẹsì ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lóko wa létí Odò Ọya. Wọn kì í dáhùn, wọn kì í sì í já lu ọ̀rọ̀ mi.

Iṣẹ́ wa nìyí. Oríṣiríṣi ni ohun àjogúnbá tó ń mú ọkà ìrẹsì wúwo, ojú kò sì lè rí wọn. Ṣùgbọ́n ojú rí àwọ̀. Àwọn kan nínú ìrẹsì wa pupa lẹ́sẹ̀, nídìí igi wọn, àwọn yòókù láwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ ìyá kan náà ló bí wọn. Bí a bá wọn gbogbo wọn, tí àwọn pupa wúwo jù ní ìpíndọ́gba, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń mú ọkà wúwo ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń mú ẹsẹ̀ pọ́n.

Àwọn pupa wúwo gan-an. Inú Dókítà dùn. Àárọ̀ ọjọ́ tí èsì fẹ́ lọ ni mo wá ṣàkíyèsí pé koríko pàápàá ga jù lápá odò. Nígbà tí mo ń lọ́ ìrẹsì náà, mo ti ṣà wọ́n bí ìyá mi ṣe ń ṣa ẹ̀wà, pupa lápá kan, ewé lápá kejì, kí kíkà lè yá. Apá odò ni mo gbin pupa sí. Èmi nìkan ló mọ̀, mo sì lè panu mọ́.

Mo lọ bá Dókítà. “Sà, mo ya pupa àti ewé sọ́tọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rá ilẹ̀ apá odò ló mú àwọn pupa wúwo.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Bàbá Fúnmi, o mọ̀ pé a óò tún un gbìn?”

“Mo mọ̀, sà.”

“O ò sì ní lè lọ.”

“Mo mọ̀.”

Mo tú ẹrù mi. Lọ́dún kejì, mo kọ nọ́ńbà sára bébà wẹ́wẹ́, mo dà wọ́n sínú fìlà, mo sì ń fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ibi tí ìrẹsì kọ̀ọ̀kan yóò wà. Nígbà tí a kórè, àwọn pupa ṣì wúwo jù, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni. Díẹ̀ yẹn kì í ṣe irọ́. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó fọwọ́ sí ìwé mi, inú mi dùn, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn ìyàwó mi ní Ṣókótó, ọmọbìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn. Haúsá ló fi bi mí ẹni tí mò ń wá. Èmi tí mò ń wọn gíga ìrẹsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò mọ ìgbà tí ọmọ mi ga dé ìbàdí mi. Mo ní, “Òkun o, Fúnmi.” Ó sáré wọlé lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé àlejò dé.