Ayé Tèmi àti Àgùàlà Ìkejì Mi

Mo rántí ìgbà tí amọ̀ kún èékánná mi débi tí ìyá wa ń lé mi nídìí abọ́ oúnjẹ. Nílé ẹ̀kọ́ wa ní Igbó-Ọrà, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti sọ pé bí èèyàn bá lè la ayé sí méjì, yóò kọ́kọ́ bá èèpo àpáta, yóò bá àpáta gbígbóná tó nípọn lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni irin yíyọ́ tí kì í dúró jẹ́ẹ́. Láàárín gbùngbùn, irin mìíràn wà tí ìwúwo gbogbo ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò jẹ́ kó yọ́. Àwọn àgbà ní awọ fẹ́lẹ́ ló bonú tí kò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi. Ti ayé kì í ṣe awọ fẹ́lẹ́ o! Kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí. Bí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n fi mọ̀. Èmi tí mi ò tíì dé Abẹ́òkúta rí wá sọ ara mi di ọ̀gá ikùn ayé. Ẹni tó bá kí mi káàárọ̀, ọ̀rọ̀ irin ni yóò gbọ́ lẹ́nu mi.

Òfin kan ni ìyá wa ní: ohun tí a bá ṣe fún Táyé, a gbọ́dọ̀ ṣe fún Kẹ́hìndé. Èmi ni Kẹ́hìndé. Nígbà tí mo bu amọ̀ wálé láti fi mọ ayé fún ọjọ́ àwọn òbí, ìyá wa pín in sí méjì, ó gbé ìdajì fún ìkejì mi tí kò tilẹ̀ béèrè. Táyé mọ tirẹ̀, ó sì dán ju tèmi lọ, inú bí mi gan-an. Olùkọ́ rí ayé méjì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí ti Táyé jẹ́ Àgùàlà, èyí tó ń bá oṣù rìn tí wọ́n ṣebí ajá oṣù ni, torí pé òun àti ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Irin wà níkùn Àgùàlà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òòfà tí irin ayé ń dá sílẹ̀, tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń tẹ̀ lé, Àgùàlà kò ní irú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ti rí àyè nílé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan n'Íbàdàn. Táyé kò ṣe ìdánwò àtiwọlé ibẹ̀, aṣọ rírán ló wù ú. Ìyá wa sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí àwa méjèèjì ò bá ní í lọ, kò sẹ́ni tí yóò lọ. Olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀.

Lọ́jọ́ àwọn òbí, mo sọ̀rọ̀ ayé títí àwọn àgbà fi ń yán. Ó wá kan Táyé. Ó gbé Àgùàlà rẹ̀ sókè.

“Ẹ káàsán o, ẹ̀yin òbí wa. Ẹ wò ó, òun àti ayé jọra bí ìbejì. Irin wà nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tí irin ti Kẹ́hìndé ń ṣe, tèmi ò ṣe é. Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ẹ jẹ́ kó máa lọ, kí ẹ ra máṣíìnì fún mi.”

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín. Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbé amọ̀ méjèèjì lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò wọ́n.

“Táyé, ṣé ọ̀rọ̀ Àgùàlà lò ń sọ ni àbí tìẹ?”

“Tèmi ni, mà.”

“Ó dáa. Ọjọ́ tí Kẹ́hìndé bá lọ ni máṣíìnì máa wọlé.” Òfin rẹ̀ kò kúkú yẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ. Iṣẹ́ ìwádìí àpáta ni mo ń ṣe ní Jọ́ọ̀sì báyìí, Táyé sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Igbó-Ọrà. Láti ìgbà náà ló ti ń rán aṣọ mi. Kì í wọn mí. Ara rẹ̀ ló ń wọn, aṣọ á sì bá mi mu rẹ́gí. Kérésìmesì tó kọjá, èyí tó fi ránṣẹ́ há mi lápá. Mo pè é, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

“Kẹ́hìndé,” ó ní, “wọn ara rẹ, kí o sọ ọ́ fún mi.”

Láti ọjọ́ tó ti ń rán aṣọ mi, kò béèrè ìwọ̀n mi rí. Mo wọn ara mi, mo sọ ọ́ fún un, ojú mi sì ń ṣomi.